Ìpààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì àti Ẹsẹ̀ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́
Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ jẹ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Chevrolet 3100, tó jáde ní 1947, wà lára ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn láti ṣe é fún. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 tó bá a wá nígbà náà kò ju agbára ẹṣin 90 lọ. Ẹ́ńjìnnì LS1 onísílíńdà 8 tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí ọkọ̀ Corvette kọ́kọ́ lò ní 1997, ní 345. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú ni iṣẹ́ gan-an wà. Áàsì gbọọrọ kan ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀: bí ọ̀kan bá kó sí kòtò, èkejì á mì. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á jó irú ẹsẹ̀ tí Ford ṣe fún ọkọ̀ Mustang II mọ́ ṣáásì, kí táyà kọ̀ọ̀kan lè máa dá ṣiṣẹ́. Búréèkì ńkọ́? Dandan ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ti àtijọ́ kò ṣe é gbára lé lórí ọkọ̀ tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀.