Ẹyẹ Tí A Kò Kà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Oǹdó, igún kì í wọ́n nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Òun ni ó ń bá wa palẹ̀ òkú ẹran mọ́, àwọn àgbà sì ka pípa rẹ̀ àti jíjẹ rẹ̀ léèwọ̀. Lónìí, inú òwe nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti mọ igún. Ọdún wo ni ó fi wá sílẹ̀? Bí a bá bi àgbà mẹ́wàá, ìdáhùn mẹ́wàá ni a óò gbọ́. A mọ oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kà á rí.

Kíka ẹyẹ ní ìtàn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ kan a máa fi yíyìnbọn pa ẹyẹ díje lásìkò Kérésìmesì. Ní ọdún 1900, Frank Chapman bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa kà á dípò kí wọ́n máa pa á. Ẹni 27 péré ni ó jẹ́ ìpè náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á títí di òní. Ní Nàìjíríà, ọdún 2015 ni ilé ìwádìí A. P. Leventis ní ìlú Jọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n pín ilẹ̀ wa sí ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 ní ìbú àti ní òró. Ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò lo wákàtí 2, ó kéré tán, nínú ìpín kan, yóò sì kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, èmi náà bá àwọn ọ̀dọ́ kan jáde lẹ́yìn ìlú Àkúrẹ́. Ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ, àdàbà ń ké, lékèélékèé tí ó bá ẹ̀ẹ̀rùn wá kò sì tí ì padà sí Òkè Ọya. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń pe orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún wọn. Èmi ń pe ti Yorùbá. Inú mi dùn bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka orúkọ tí a kọ sílẹ̀ tán, igún kò sí níbẹ̀.

Ọdún 2015 kan náà ni àjọ IUCN ka igún mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó sún mọ́ àkúrun jù lọ. Májèlé ń pa á. Fífi í ṣe oògùn náà ń pa á. Èèwọ̀ tí àwọn baba wa fi lélẹ̀, àwa ni a jẹ ẹ́. Èdè lè tọ́jú orúkọ ẹyẹ, kò lè tọ́jú ẹyẹ fúnra rẹ̀. Bí a bá ń kà wọ́n, ó kéré tán, ẹyẹ mìíràn kò ní í lọ kí a má mọ ọjọ́ tí ó lọ.