Ultrason: ìró tí etí ò gbọ́, àti ohun tó ń ṣe lójú électrode

Bí a bá ti irin méjì bọ inú omi iyọ̀, tí a so ọ̀kan mọ́ plus bàtírì, tí a so èkejì mọ́ moins, iná á gba inú omi náà kọjá. Irin méjèèjì yìí ni wọ́n ń pè ní électrode. Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ń lo orúkọ náà láti 1834. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ ṣe omi javel tí gbogbo wa mọ̀. Lójú irin plus, chlore á jáde. Lójú irin moins, soude àti hydrogène á jáde. Tí chlore bá pàdé soude nínú omi, javel dé nìyẹn.

Ojú irin ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, kì í ṣe àárín omi. Torí náà, ohunkóhun tó bá bo ojú irin, ó ti dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń hó níbẹ̀ lè bò ó. Iyọ̀ inú omi tó fara kan irin gan-an á tán, tuntun ò sì ní tètè dé. Bí omi náà bá ní ẹfun, èyí tí Faransé ń pè ní calcaire, nǹkan funfun á gbá mọ́ irin moins bí èyí tó ń wà nídìí ìkòkò omi gbígbóná. Iná ń lọ, javel ò wá.

Ibẹ̀ ni ultrason ti wúlò. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju nǹkan bí 20 000 ìgbà lọ ní seconde kan. Ìró tó kọjá ibẹ̀ ni ultrason. Paul Langevin, ará Faransé, lò ó nígbà ogun 1914 sí 1918 láti fi wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Ní 1934, Moriguchi ní ilẹ̀ Jàpáànì dán an wò lára électrode. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe échographie fún aláboyún, ṣùgbọ́n kí ẹ má bẹ̀rù o, agbára tiyẹn kéré púpọ̀ sí èyí tí à ń sọ.

Ìró náà ń fa omi, ó tún ń tì í. Níbi tó ti fà á, ihò kékeré oníafẹ́fẹ́ á là, á wú, á sì wó sínú ara rẹ̀ lójijì. Inú ihò yẹn lè gbóná tó 5 000 degré, àmọ́ ó kéré, ó sì yá, tó fi jẹ́ pé omi yòókù ò mọ̀ ọ́n. Bí ihò náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, omi ò lè ti apá irin wọ inú rẹ̀. Omi apá kejì ló máa gún un kọjá, á sì lọ lu irin bí abẹ́rẹ́, eré rẹ̀ á lé ní 100 mítà ní seconde kan. Zémidjan tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, eré tiẹ̀ ò tó 17 mítà ní seconde.

Abẹ́rẹ́ omi wọ̀nyí ń bó funfun náà kúrò, wọ́n ń lé afẹ́fẹ́, wọ́n ń gbé omi iyọ̀ tuntun wá sójú irin. Iná tó ń kọjá á pọ̀ sí i láìjẹ́ pé a fi volt kún un. Àwọn tó ń fi nickel bo irin náà ń lò ó.

Àmọ́ abẹ́rẹ́ náà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti électrode. Irin rírọ̀ bí òjé á kún fún ihò. Titane le lóòótọ́, ṣùgbọ́n électrode javel sábà máa ń ní ẹ̀wù ruthénium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára titane rẹ̀. Bí ẹ̀wù yẹn bá bó, titane á dí ojú ara rẹ̀, iná ò ní kọjá mọ́, électrode kú nìyẹn, owó ńlá sì ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀, àti bó ṣe jìnnà sí irin. Tí ìgbọ̀n bá yára gan-an, bíi 500 000 ní seconde, ihò máa ń kéré, ìlù rẹ̀ kì í sì í le tó ti 20 000.

Lójú tiwa, iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá àti ilé ìwádìí ni ultrason yìí. Fún ẹ̀rọ javel kékeré ní abúlé, vinaigre tó láti yọ funfun náà. Kí ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Kí ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan électrode dáadáa o, torí tí vinaigre bá kan javel, chlore á jáde, ó sì ń dí èèyàn léèémí.