Ìrìn Ẹsẹ̀ Láàrin Àwọn Adágún Brazos Bend, Nítòsí Richmond, Texas

Brazos Bend jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Texas ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítòsí ìlú Needville ní Fort Bend County. Àwọn ará Richmond, tí í ṣe olú-ìlú county náà, máa ń lọ síbẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ rìn láti adágún kan dé òmíràn. Richmond wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn àárín gbùngbùn Houston, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti Nàìjíríà wá sì fi agbègbè náà ṣe ilé. Ẹni tó bá ń wá òkè olókùúta gíga fíofío tó kọjú sí òkun kò ní rí i níhìn-ín, nítorí pẹ́tẹ́lẹ̀ ni etí òkun Texas ní apá yìí. Odò Brazos ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn adágún àti irà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn igi ńláńlá, ẹyẹ lóríṣiríṣi, àti ọ̀nì. Odò yìí ló ṣe ilẹ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀, òun náà ló sì ń pinnu ọjọ́ tí ìrìn náà yóò ṣeé ṣe.

Ilẹ̀ àti odò

Àríwá ìwọ̀-oòrùn Texas ni Brazos ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba ìlú Waco kọjá, ó la Richmond já, ó sì lọ wọ Ìyawọlẹ̀ Omi Mẹ́síkò nítòsí Freeport. Ẹrẹ̀ tó ń kó bọ̀ lọ́nà jíjìn ni kì í jẹ́ kí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni a sábà máa ń bá a. Ẹnu odò náà gan-an kì í ṣe ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́: ní 1929, àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà gbẹ́ ojú ọ̀nà tuntun fún un, wọ́n sì darí rẹ̀ gba ìwọ̀-oòrùn kí ẹrẹ̀ rẹ̀ má baà dí èbúté Freeport.

Bí odò bá dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kì í lọ tààrà mọ́, ṣe ni ó máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún tẹ̀ sósì. Níbi tó bá ti tẹ̀, omi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta máa ń yára ju ti ẹ̀gbẹ́ inú lọ. Omi tó yára yìí á máa jẹ bèbè, èyí tó rọra ń lọ á sì máa sọ iyanrìn àti ẹrẹ̀ kalẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibẹ̀ á túbọ̀ máa tẹ̀, títí yóò fi ku ilẹ̀ tóóró kan péré láàrin ibi tí odò gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Nígbà tí ìkún omi ńlá bá dé, odò á já ilẹ̀ tóóró náà, á gba ọ̀nà àbùjá lọ, á sì pa ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ tì. Ẹrẹ̀ á wá dí orí àti ìdí ọ̀nà àtijọ́ yìí, omi inú rẹ̀ á dúró, á di adágún. Irú adágún bẹ́ẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń tẹ̀, orí rẹ̀ méjèèjì sì máa ń fẹ́ kanra. Ẹni tó bá yí Old Horseshoe Lake, ọ̀kan lára àwọn adágún ọgbà náà, ká yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ipa odò ni òun ń tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ọgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 éékà. Brazos ni ààlà rẹ̀ ní ìlà-oòrùn fún ohun tó lé ní máìlì mẹ́ta, Big Creek sì gba inú rẹ̀ kọjá ní ìdábùú. Igbó etí odò, irà, àti pápá koríko ló wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a fojú sí pápá koríko yẹn. Irú koríko bẹ́ẹ̀ ló bo gbogbo etí òkun Texas nígbà kan rí, ṣùgbọ́n oko, ilé àti títì ti gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀, èyí tó kù lónìí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìtàn

Àwọn ohun àtijọ́ tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ fi hàn pé ènìyàn ti ń dé àdúgbò yìí, bóyá láti bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù dé, àwọn Capoque, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Karankawa, ló ń rìn káàkiri láàrin ẹnu odò Brazos àti Galveston Bay.

Ní November 1528, ìgbì gbé àwọn ará Sípéènì kan tí ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́ jù sí erékùṣù kan ní etí òkun yìí. Ọmọ Áfíríkà kan wà nínú wọn, ẹrú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Estevanico, ẹni tí wọ́n bí ní Azemmour ní ilẹ̀ Mòrókò. Ebi àti àrùn pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù àkọ́kọ́. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn, Álvar Núñez Cabeza de Vaca, Andrés Dorantes àti Alonso del Castillo, ló fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà já títí wọ́n fi tún fojú kan àwọn ará Sípéènì ní Mẹ́síkò ní 1536. Malhado ni wọ́n pe erékùṣù náà, àmọ́ àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ibi tó jẹ́. Àwọn kan gbà pé Galveston ni. Àwọn mìíràn tọ́ka sí gígùn tí Cabeza de Vaca kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1542, ìyẹn nǹkan bíi league (ìwọ̀n ọ̀nà ayé àtijọ́) márùn-ún. Galveston gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Follets Island tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí dà bí èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, ṣùgbọ́n iyanrìn etí òkun kì í dúró lójú kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún, kò sì yẹ kí a fi ìdánilójú sọ ọ́.

Ní àwọn ọdún 1820, ilẹ̀ yìí bọ́ sí abẹ́ ìtẹ̀dó tí Stephen F. Austin gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Mẹ́síkò. Ní 1822, àwọn kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ odi síbi tí Brazos ti tẹ̀. Ìlú Richmond dìde nítòsí rẹ̀ ní 1837. Ẹrẹ̀ ọlọ́ràá tí odò ń sọ kalẹ̀ mú kí òwú àti ìrèké ṣe dáadáa, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ro oko náà títí di 1865. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í háyà ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ ìjọba, adúláwọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2018, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Sugar Land, tí kò jìnnà sí Richmond, wọ́n kan sàréè àwọn ènìyàn 95 tó kú sínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń rìn lórí rẹ̀ fún ìgbádùn ní àdúgbò yìí ti mu òógùn àwọn ènìyàn wa, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ra ilẹ̀ Brazos Bend ní 1976 sí 1977, wọ́n sì ṣí ọgbà náà fún aráàlú ní 1984. Ní 1989, Houston Museum of Natural Science ṣí George Observatory sínú rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ìràwọ̀ lálẹ́.

Yíyan ojú ọ̀nà

Láti Richmond, títì FM 762 ló lọ sí ọgbà náà. Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni 40-Acre Lake. Ọ̀nà tó yí i ká jẹ́ nǹkan bíi máìlì kan àti díẹ̀, ilé ìṣọ́ onípákó kan sì wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá gùn ún yóò ti máa wo irà Pilant Lake láti òkè. Láti ibẹ̀, Spillway Trail á mú yín dé Elm Lake, tí yíyí tirẹ̀ ká kò tó máìlì méjì. Adágún méjèèjì yìí tó iṣẹ́ òwúrọ̀ kan. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè tẹ̀ síwájú dé Old Horseshoe Lake àti Hale Lake, tàbí kó gba Red Buckeye Trail lọ sí bèbè Brazos fúnra rẹ̀. Bèbè yìí ló ga jù lójú ọ̀nà náà, kò sì sí òkúta nínú rẹ̀. Erùpẹ̀ lásán ni, omi sì ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí etí rẹ̀ nítorí àwòrán.

Creekfield Lake ló yẹ àwọn àgbàlagbà, àwọn ọmọ kéékèèké àti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ìdajì máìlì, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ.

Ọ̀nì àti ẹyẹ

Ọ̀nì Amẹ́ríkà pọ̀ nínú àwọn adágún wọ̀nyí. Ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ ẹran tó fẹ́ parun ní 1967. Nígbà tó di 1987 ó ti pọ̀ padà débi pé wọ́n yọ ọ́ kúrò lára irú àwọn ẹran bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jáde yá oòrùn létí omi, nígbà mìíràn lójú ọ̀nà gan-an. Òfin ọgbà ni pé kí ènìyàn jìnnà sí i ní ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 30, kí ó má sì fún un lóúnjẹ rárá, nítorí ọ̀nì tó bá ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn kì í bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Bó bá ń ṣe híì, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ di ọwọ́ ọmọdé mú, kí okùn ajá yín má sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, abo ọ̀nì máa ń ṣọ́ ìtẹ́ ẹyin rẹ̀, ìbínú rẹ̀ sì máa ń yá. Ejò olóró àti ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ náà wà níbẹ̀.

Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí nínú ọgbà náà ju 300 lọ. Lékeléke wà lára wọn, ẹyẹ tí gbogbo wa mọ̀ nílé. Láti Áfíríkà ló ti fò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1880. Ní àwọn ọdún 1940 ó ti dé Florida, ó sì tàn dé Texas lẹ́yìn náà.

Etí òkun

Ẹni tó bá fẹ́ rìn níbi gíga létí òkun lè wakọ̀ lọ sí Galveston. Gíga ibẹ̀ kì í ṣe ti àdáyébá: ògiri tí wọ́n mọ lẹ́yìn ìjì 8 September 1900 ni, ìjì tó pa ó kéré tán ènìyàn 6,000. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17, gígùn rẹ̀ sì ju máìlì mẹ́wàá lọ báyìí.

Àkókò àti ìkún omi

October sí April ló dára jù. Ní July àti August, oòrùn máa ń mú dé 35°C, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń mú un le sí i. Kí ẹ ti rìn tán kó tó di ọ̀sán, kí omi mímu má sì wọ́n lọ́wọ́ yín. Ó dára kí ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pàápàá fún òpin ọ̀sẹ̀.

Òjò tó rọ̀ lọ́nà jíjìn lè ti ọgbà náà pa lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn ní Richmond, nítorí Brazos ni yóò gbé omi náà wá. Nígbà ìkún omi 2016, omi ga ní Richmond kọjá ẹsẹ̀ bàtà 54, èyí tí a kò tíì rí irú rẹ̀ rí nígbà náà. Ìjì Harvey ní 2017 tún gbé e kọjá 55. Wọ́n ti ọgbà náà pa nígbà méjèèjì. Richmond wà ní òkè odò sí Brazos Bend, nítorí náà omi tó bá ga ní Richmond lónìí ń bọ̀ wá bá ọgbà náà. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀ ń gbé ìwọ̀n gíga odò náà jáde lójoojúmọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá ń súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 45, ẹ sún ìrìn náà sí ọ̀sẹ̀ mìíràn.