Iwin Kọ́ Ni Àkúdàáyà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí àwa olùkọ́ kan ń máàkì ìdánwò, ìbéèrè kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn iwin tí ó mọ̀. Ọmọ kan láti agbègbè Àrámọ̀kọ kọ nípa ọkùnrin tí wọ́n ti sin ní Ìjerò, tí ará ilé rẹ̀ sì tún bá a níbi tí ó ti ń ta aṣọ lọ́jà ìlú òkèèrè. Bí wọ́n ti ṣe ojú mẹ́rin, ó pòórá, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ẹnìkan nínú wa fún ọmọ náà ní òdo. A kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá.

Láti Ìjerò títí dé àárín àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, àwọn àgbà mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀. Inú igbó, igi ńlá tàbí àpáta ni iwin ń gbé. Kò jẹ́ ènìyàn rí. Àkúdàáyà ni ẹni tí ikú dé bá kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kò tíì lè wọ ọ̀run, nítorí náà ó lọ ń gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé ni ó dà wọ́n rú. Nínú Bíbélì Mímọ́, iwin ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn pe Jésù nígbà tí ó ń rìn lórí omi. Iwin kún inú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tutùọlá kọ ìwé nípa irú ẹ̀dá inú igbó bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1954, orúkọ tí Òyìnbó fi ń pe òkú tí ó ń rìn ni ó fún wọn. Bẹ́ẹ̀ òun kan náà ni ó ti fún àwọn òkú ní ìlú tiwọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1952, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn rìn!

Àwọn ará Jàpáàn ní orúkọ méjì. Yūrei ni òkú tí ọ̀ràn inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ. Yōkai ni wọ́n sábà ń pe àwọn àǹjọ̀nú yòókù. Lafcadio Hearn tẹ ìtàn obìnrin yìnyín kan jáde ní 1904: ó fẹ́ ọkọ, ó bímọ, ó sì pòórá nígbà tí ọkọ rẹ̀ tú àṣírí. Ará Ẹ̀fọ̀n tí ó bá kà á lè sáré pè é ní àkúdàáyà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò kú rí.

Ohun tí a bi ẹnìkejì wa nìyẹn: ta ni ó kú? A jọ tún ìwé ọmọ náà máàkì, a sì tún ìbéèrè náà kọ.