Ẹni Tí Ó Di Ìdí Ìbọn Mú: Yíyẹ Ìbọn Tuntun Wò ní Ilẹ̀ Èkìtì láti Ìgbà Ogun Kírìjì

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tí ó wà níwájú ìbọn ni òwe yìí ń rò. Àwọn òpìtàn wa pẹ̀lú, iwájú ìbọn náà ni wọ́n sábà máa ń dúró sí: iye ìbọn tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ìlú tí ó fi ṣẹ́gun àti ìlú tí ó tipa rẹ̀ tú. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìbọn, ẹni tí ó di ìdí rẹ̀ mú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ẹ̀tù. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ìbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìn rí, kò ní pa òun dípò ẹran?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Ní Ìjàn-Èkìtì, nínú ilé tí a ti tọ́ ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ yìí dàgbà, ọdẹ kan wà tí í ṣe àbúrò bàbá wa. Ìka mẹ́ta ni ó kù sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìbọn tuntun ni ó gbé méjì yòókù lọ, ní ọjọ́ kejì tí ó rà á. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ ìbọn náà.

Èrò wa ni pé yíyẹ ìbọn wò jẹ́ ìmọ̀ tí ó ní ìtàn tirẹ̀. Ìtàn náà sì fi hàn pé kì í ṣe irin nìkan ni ó ń sọ bóyá ìbọn tuntun dára. Bí ẹni tí ó ṣe ìbọn ṣe jìnnà sí ẹni tí yóò yìn ín wà nínú rẹ̀, àti ta ni yóò dáhùn bí ìbọn náà bá bẹ́.

2. Ìbọn ọjà

Ìbọn tí àwọn baba wa kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni ṣakabùlà. Ẹnu ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, òkúta ìbọn ni ó sì ń ṣá iná sí ẹ̀tù. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí a ti ń ṣe irú ìbọn yìí jù lọ. Lẹ́yìn náà, Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù náà kò gbẹ́yìn. J. E. Inikori, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1977, ṣírò rẹ̀ pé láàrin 1750 àti 1807, ìbọn tí ó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàrin 283,000 àti 394,000. Iye yìí pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa iye tí ó ṣeé yìn.

Àwọn tí wọ́n ń ta ìbọn náà kò ṣàì mọ àléébù rẹ̀. Ní àárín ẹ̀wádún 1760, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, Lord Shelburne, kọ̀wé lórí ohun tí ó rí ní Birmingham. Ó ní bí a ṣe ń parí iṣẹ́ ìbọn tí ó ń bọ̀ ní Áfíríkà burú débi pé èyí tí ó ju ìdajì lọ yóò bẹ́ mọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́wọ́. A lè sọ pé ó fi kún un, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Irin pẹlẹbẹ ni a ń ká di ọ̀pá ìbọn, tí a ó sì fi iná àti òòlù jó ojú rẹ̀ pọ̀. Bí ìjó náà kò bá dán mọ́rán, inú ìrán irin náà ni àléébù yóò fara pamọ́ sí. Ẹni tí ó ṣe é kò ní sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí àléébù náà bá jáde.

Ní 1813 ni òfin dá ilé ìdánwò ọ̀pá ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham. Níbẹ̀, a máa ń ki ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju ti àtijọ́ṣe lọ sínú ọ̀pá, a ó yìn ín láìsí ẹni tí ó dì í mú, èyí tí kò bá bẹ́ ni a ó lu òǹtẹ̀ sí lára. Ọdún mẹ́fà ti kọjá nígbà náà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka òwò ẹrú léèwọ̀.

Níhìn-ín, ó yẹ kí a tún ìṣe àwọn jagunjagun wa kan kà. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ogun ilẹ̀ wa sọ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kì í gbé ìbọn sí èjìká bí wọ́n bá fẹ́ yìn ín. Ìbàdí ni wọ́n ń gbé e sí, tàbí kí wọ́n na ọwọ́ jìnnà sí ara. Àwọn òyìnbó kan ka èyí sí àìmọ̀kan. Ní tiwa, ìdájọ́ ni a kà á sí. Ẹni tí kò fọkàn tán ọ̀pá ìbọn kò ní gbé ojú rẹ̀ lé e. Ó yàn láti má fojú sun ọta dáadáa, kí ojú rẹ̀ lè kù fún un.

3. Ìbọn Kírìjì

Ogun tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti nǹkan bí 1877 títí di 1893 yí ìdájọ́ yìí padà. Ògèdèngbé Ìjẹ̀ṣà àti Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí wà lára àwọn tí wọ́n ṣíwájú Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ọ̀nà Oǹdó tí ìjọba Èkó ṣí ní 1872 sì di ọ̀nà tí ìbọn tuntun ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Snider ni èyí tí ó lókìkí jù nínú ìbọn náà. Samuel Johnson kò fi ipa rẹ̀ pamọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, bẹ́ẹ̀ ni S. A. Akíntóyè nínú èyí tí ó jáde ní 1971.

Ìdí ọ̀pá ni a ti ń ki ọta sínú Snider, kì í ṣe ẹnu. Ọnà tí a gbẹ́ yípo sínú ọ̀pá rẹ̀ ń mú kí ọta yí bí òòyì, kí ó sì lọ tààrà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín ní ìgbà mẹ́wàá láàrin ìṣẹ́jú kan, níbi tí ẹni tí ó ń ti ẹnu ki ìbọn yóò ti yìn ní ìgbà mẹ́ta. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti 1866, ṣùgbọ́n láti 1871 ni wọ́n ti ń fi Martini-Henry rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wò, ibòmíràn ni yóò wò. Ìlẹ̀kùn irin kékeré tí ó wà ní ìdí ọ̀pá ni kókó: ṣé ó pa dé gírígírí, tàbí ó ń mì? Bí ó bá ń mì, èéfín àti iná yóò padà sí ojú ẹni tí ó yìn ín. Ìṣòro kejì ni pé ọta rẹ̀ kì í ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ Èkìtì lè rọ. Ìbọn lè dára, kí ó sì di igi lásán bí ọ̀nà Èkó bá dí. Dídára ìbọn wá di ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti òwò pẹ̀lú.

4. Òfin àti ilé arọ

Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó ṣe àdéhùn ní Brussels. Wọ́n dí ọ̀nà ìbọn oníhò gbígbẹ́ àti èyí tí a ń ti ìdí ki mọ́ apá tí ó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta tí kò ní ọnà nínú. Ní 1893 ni ogun Kírìjì tú ká, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì di èyí tí ó ń pàṣẹ lórí ilẹ̀ náà. Bí ọdẹ Èkìtì tí bàbá rẹ̀ gbé Snider jà ní Ìmẹ̀sí ṣe padà sí ṣakabùlà nìyẹn. Òfin ìbọn Nàìjíríà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959 náà ya ìbọn tí a ń ti ẹnu ki sọ́tọ̀ sí yòókù, ó sì sọ ìwé àṣẹ di dandan fún un.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń tún ṣakabùlà ṣe tipẹ́tipẹ́. Ní sẹ́ńtúrì ogún, páìpù omi àti páìpù ara ọkọ̀ wọ inú ilé arọ, àwọn kan sì fi wọ́n ṣe ọ̀pá ìbọn. Ibí ni ìmọ̀ yíyẹ ìbọn wò ti wúlò jù lọ, nítorí pé a kò ṣe páìpù omi nítorí iná ẹ̀tù.

5. Bí ọdẹ ṣe ń yẹ ìbọn wò

Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ ilé wa ni a kó jọ síhìn-ín.

Èkíní ni ojú. Ọdẹ yóò gbé ẹnu ọ̀pá sójú ọ̀run, yóò wo inú rẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń lọ tààrà tàbí ó wọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi èékánná tọ ojú ìjó lára ọ̀pá láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Èkejì ni etí. A ó yọ ọ̀pá kúrò lára igi, a ó fi okùn so ó rọ̀, a ó sì fi irin kàn án. Èyí tí ara rẹ̀ pé yóò dún bí agogo, ohùn rẹ̀ yóò sì pẹ́. Èyí tí ó sán yóò dún bí ìkòkò tí ó là.

Ẹ̀kẹta ni omi. A ó dí ihò ẹ̀tù, a ó bu omi kún ọ̀pá, a ó fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Bí ara ọ̀pá bá tutù níbì kan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀kẹrin ni apátí. A ó gbé òòlù ìbọn náà sókè láìsí ẹ̀tù, a ó sì fi ìdí ìbọn gbá ilẹ̀. Bí òòlù bá já lulẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbọn náà yóò pa ẹni tí ó ń tẹ̀ lé ọdẹ lẹ́yìn nínú igbó.

Ẹ̀karùn-ún ni iná. A ó so ìbọn mọ́ igi, a ó ki ẹ̀tù ìlọ́po méjì sí i, a ó so okùn gígùn mọ́ apátí, a ó sì fà á láti ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn èyí, a ó tún fi ojú àti etí yẹ̀ ẹ́ wò. Alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìn ín, lójú ẹni tí ó fẹ́ rà á.

Ìdánwò karùn-ún yìí àti ti Birmingham, ọgbọ́n kan náà ni. Ìyàtọ̀ wọn ni pé òǹtẹ̀ ni ẹ̀rí ti Birmingham. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tí ó pé ni ẹ̀rí tiwa.

Ìbọn tí ó gé àbúrò bàbá wa níka kò la ìdánwò karùn-ún kọjá. Ọjà ni ó ti rà á, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òun ni ó rọ ọ́. Ó wò ó lójú, ó kàn án gbọ́, ó bu omi sí i, ó fa apátí rẹ̀ wò. Kò sí alágbẹ̀dẹ níbẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ yìn ín.

6. Àfiwé láti Amẹ́ríkà

Kí a má bàa rò pé ìṣòro ilé arọ nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fẹ́ràn ìbọn kan tí a ń fi ọwọ́ fa irin abẹ́ rẹ̀ síwájú sẹ́yìn kí ọta mìíràn lè wọlé. Winchester tí ó jáde ní 1894 lókìkí nínú wọn. Ní 1964, ilé iṣẹ́ náà yí ọ̀nà iṣẹ́ padà kí owó tí ó ń ná lè dín kù, ó sì fi irin títẹ̀ rọ́pò àwọn kan tí a ń fi ẹ̀rọ gbẹ́. Àwọn ọdẹ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Títí di òní, wọ́n ń fi owó tí ó pọ̀ ra èyí tí a ṣe ṣáájú ọdún náà. Bákan náà ni ti Marlin. Lẹ́yìn tí Remington rà á ní 1907 àti ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn 2007, tí iṣẹ́ sì kúrò ní North Haven lọ sí Ilion ní 2011, àwọn tí ń rà á ráhùn pé igi kò bá irin mu dáadáa mọ́, àti pé irin abẹ́ rẹ̀ ń há. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kò bá ẹ̀rọ náà lọ. Remington wọ gbèsè, Ruger ra Marlin ní 2020, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìbọn náà jáde padà ní ìparí 2021.

Orúkọ tí a fín sára irin kò yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń ṣe é yí padà. Òǹtẹ̀ tí a gbẹ́kẹ̀ lé wá ń jẹ́rìí ohun tí kò sí mọ́, ó sì di dandan kí ẹni tí ó ń rà á padà sórí ojú, etí àti ọwọ́ ara rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn ìbọn ní ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe ìtàn iye àti irú nìkan. Òfin àti òwò ni ó ń yan irú ìbọn tí ó dé ọwọ́ ọdẹ. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìdájọ́ dídára rẹ̀, ó sì ń san gbèsè rẹ̀ bí ìdájọ́ náà bá kù díẹ̀ káàtó. Gbígbé ìbọn sí ìbàdí, fífi etí gbọ́ ohùn irin, àti dídúró kí alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ yìn ín jẹ́ ẹ̀rí ìtàn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àwọn oníṣòwò Èkó ṣe jẹ́ ẹ̀rí.

Àbá wa ni pé kí ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà ọdẹ lẹ́nu wò má ṣe dúró lórí ìbọn mélòó àti ìbọn wo. Kí ó tún béèrè ẹni tí ó rọ ọ́, ẹni tí ó kọ́kọ́ yìn ín, àti ilé tí wọ́n lọ nígbà tí ó bẹ́. Àbúrò bàbá wa dáhùn méjì àkọ́kọ́ pé òun kò mọ̀. Ní ti ẹ̀kẹta, ó ní kò sí ilé tí òun lè lọ.