Bí ìyẹ̀fun uranium láti Niger ṣe di àwíjàre fún ogun Iraq

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kínní, ọdún 2003, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, George W. Bush, sọ fún àwọn aṣòfin pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rí i gbọ́ pé Saddam Hussein ń wá uranium púpọ̀ rà nílẹ̀ Áfíríkà.

Kò dárúkọ orílẹ̀èdè kankan, àmọ́ Niger, tó bá Nàìjíríà pààlà níhà àríwá, ni gbogbo ojú yí sí.

Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń wa uranium jáde nílùú Arlit, nínú aṣálẹ̀ Sahara. Wọ́n á lọ òkúta rẹ̀, wọ́n á fi ásíìdì fọ uranium jáde, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní yellowcake. Uranium tó ti papọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni.

Ibi tí àwọn olóṣèlú kì í dúró ṣàlàyé nìyí: yellowcake kì í ṣe bọ́ǹbù.

Wọ́n ní láti pò ó mọ́ fluorine kó tó di ohun tí ooru díẹ̀ lè sọ di gáàsì. Gáàsì yìí ni ẹ̀rọ tó ń yí bírí yóò máa sẹ́ léraléra, bí ẹni ń sẹ́ ògì, láti ṣa irú uranium tó wúlò fún bọ́ǹbù jáde. Irú yìí kò ju 0.7% lọ nínú uranium tí wọ́n wà nínú ilẹ̀.

Iraq gan-an ti ní nǹkan bíi 550 tọ́ọ̀nù yellowcake ní Tuwaitha, lójú àjọ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ núkílíà lágbàáyé, IAEA. Niger wà lára àwọn tó tà á fún un ní gbangba, nígbà tí ọdún 1980 sí 1989 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni yóò wá fi òmíràn tí wọ́n rà ní kọ̀rọ̀ ṣe?

Joseph Wilson, aṣojú Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ti lọ ṣèwádìí ní Niger ní oṣù Kejì, ọdún 2002. Ó padà jíṣẹ́ pé kò dájú pé irú káràkátà bẹ́ẹ̀ wáyé.

Síbẹ̀, àwọn ìwé kan ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ tó ní Niger ti gbà láti ta 500 tọ́ọ̀nù fún Iraq lọ́dọọdún. Nígbà tó tẹ IAEA lọ́wọ́, wọ́n rí i pé ayédèrú ni. Orúkọ mínísítà tó ti kúrò nípò tipẹ́tipẹ́ ló wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Mohamed ElBaradei, ọ̀gá àgbà IAEA, sọ èyí fún ìgbìmọ̀ aláàbò àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ogun fi bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Keje ọdún náà ni iléeṣẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà tó gbà pé kò yẹ kí gbólóhùn náà wà nínú ọ̀rọ̀ Bush.

Ní ti yellowcake Tuwaitha, ọkọ̀ kó o lọ sí Canada ní ọdún 2008, níbi tí iléeṣẹ́ kan ti rà á láti fi ṣe epo fún iná mọ̀nàmọ́ná.