Láti Orí Súìtì Dé Orí Dátà: Ìtàn Ẹ̀bùn Ọmọ Ilé-Ìwé

Látìgbà tí a ti sọ lórí gúrúùpù pé àwa ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe lẹ́sìnnì orí WhatsApp fún àwọn ọmọ wa ní họlidé, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé kí á fún ọmọ tó bá gbé ipò kìíní ní dátà. Àbá náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn, ìtàn ọ̀hún sì ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ orí.

Ní 1798, Joseph Lancaster dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní London fún ọmọ tálákà. Ọmọ tó bá ṣe dáadáa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá pọ̀ tó, á fi gba bọ́ọ̀lù tàbí káìtì. Ní nǹkan bí 1924, Sidney Pressey, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Tí ìdáhùn bá ti tọ̀nà dé iye tí wọ́n fẹ́, súìtì á jábọ́! (Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Àmì ẹ̀yẹ orí Khan Academy àti Duolingo ńkọ́? Súìtì náà ni, kò kàn ṣeé jẹ ni.)

Ibi tó kàn wá rèé. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí sátífíkéètì fún apá kan kí wọ́n tó yàwòrán. Apá kejì yà á tán kí tiwọn tó bá wọn lójijì. Apá kẹta ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ni kò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán mọ́. Àwọn tó gbà á lójijì ò yí padà.

Lóòótọ́, ọmọ tí kò fẹ́ràn ìṣirò látilẹ̀, ẹ̀bùn lè mú un bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ipò kìíní kọ́. Ọmọ tí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀ látàárọ̀ ló máa gbé e. Èyí tó ń dúró kí ìyá ẹ̀ tọjà dé kó tó rí fóònù lò, ibo ló ti fẹ́ rí i gbà? Lójú tèmi, dátà kì í ṣe ẹ̀bùn rárá. Bíi ṣọ́ọ̀kì àti síléètì ló rí: gbogbo ọmọ ló nílò ẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí owó wa lọ. Tí a bá wá fẹ́ ṣe ẹ̀bùn, kí á má kéde ẹ̀; ọmọ tí máàkì ẹ̀ kúrò ní 20 tó dé 35 ni kí á fi báàgì yà lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá akápò wa sọ̀rọ̀ kó tó di ìpàdé Sátidé.